Ẹ Bi Wá, Ká Sọ Fún Yín: Ṣé Abàmì Ẹran Wà Nínú Ọ̀sà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn la ti sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Loch Ness, adágún omi kan ní Scotland tí wọ́n ní ẹran abàmì kan ń gbé inú ẹ̀, tí wọ́n sọ ní Nessie. Látìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, tẹ́ẹ̀sì ń wọlé, àwọn kan tiẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbé etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ fún un, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń gbà lọ ọjà, torí náà mo fẹ́ fara balẹ̀ dá yín lóhùn. Àwọn ìbéèrè tó jọra, a pa wọ́n pọ̀.

ÌYÁ ONÍGAÀRÍ, ÌKÒRÒDÚ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni mo ti ń tajà, bóòtù ni mo sì máa ń wọ̀ ní Ìpakodò torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì. Fídíò kan wà tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp báyìí, ọrùn gígùn kan ló yọ látinú omi, wọ́n ní ọ̀sà wa níbí ni, wọ́n ní òun ló ń dojú bóòtù dé. Àwọn ọmọ mi ti ní àwọn ò bá mi wọ bóòtù mọ́, èmi gan-an, àyà mi ń já. Mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí yín. Ṣé òótọ́ ni?

Màmá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti wo fídíò náà dáadáa, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan mo tún wò ó, ẹ ní kí àwọn ọmọ wo ẹ̀yìn omi náà, kí wọ́n gbójú kúrò lára ọrùn yẹn ná. Òkè olókùúta ló wà níbẹ̀, yìnyín funfun sì bo orí òkè náà. Òkè wo ló ní yìnyín lórí láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́? Ẹnì kan ló mú fídíò ilẹ̀ òkèèrè, ó kọ orúkọ ọ̀sà wa sí i, ó tì í síta, àwọn èèyàn sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn láì wò ó tán. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ó dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

Irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Fọ́tò tó sọ Nessie di olókìkí jù lọ láyé, èyí tí orí kékeré àti ọrùn gígùn yọ lójú omi, ìwé ìròyìn Daily Mail ní London ló gbé e jáde lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin 1934. Wọ́n ní dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Kenneth Wilson ló yà á, ta ló sì máa pe dókítà ní òpùrọ́ nígbà náà? Ó lé ní àádọ́ta ọdún táwọn èèyàn fi gba fọ́tò yẹn gbọ́. Àṣé ọ̀rọ̀ ìtìjú ló wà nídìí ẹ̀. Lópin ọdún 1933 ni ìwé ìròyìn yẹn kan náà háyà ọdẹ kan, Marmaduke Wetherell, pé kó lọ bá àwọn wá ẹran náà rí. Ọdẹ dé ibẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ní òun ti rí ojú ẹsẹ̀ ńlá létí omi. Wọ́n fi simẹ́ńtì funfun yẹn gba àpẹẹrẹ ojú ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbé e lọ sí músíọ̀mù ní London, àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹsẹ̀ erinmi ni, wọ́n tún ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń gbé tẹ ilẹ̀ kiri, torí láyé ìgbà yẹn àwọn òyìnbó máa ń gbẹ ẹsẹ̀ erinmi tí wọ́n pa nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n á fi ṣe nǹkan tí wọ́n ń ki agboòrùn sí nínú pálọ̀. Ojú ti ọdẹ. Ló bá pe ọmọ ẹ̀ àti ọmọ ìyàwó ẹ̀, wọ́n mú ọkọ̀ abẹ́ omi tọ́mọdé fi ń ṣeré, wọ́n mọ orí àti ọrùn lé e lórí, wọ́n gbé e léfòó, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n wá wá dókítà tó máa bá wọn gbé e jáde kí ayé lè gbà á gbọ́. Ọmọ ìyàwó yẹn, Christian Spurling, ló jẹ́wọ́ nígbà tó ti darúgbó, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí gbangba ní 1994. Nǹkan tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé ni. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyẹn ló fi tóbi lójú, torí èyí tí wọn ò gé, téèyàn bá rí i, á rí omi tó fẹ̀ lọ ràì, á sì rí bí nǹkan náà ṣe kéré tó láàárín ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni bí omi wa ṣe jìn sí. Loch Ness jìn tó nǹkan bí 230 mítà níbi tó jìn jù, ó gùn tó kìlómítà 37, omi ẹ̀ sì dúdú bíi ti àgbo torí ilẹ̀ dúdú ti koríko jíjẹrà (peat) tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀, téèyàn bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kò ní pẹ́ tí ò fi ní rí ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ní nǹkan sá pamọ́ síbẹ̀, ó ṣeé rò. Ọ̀sà tiwa ńkọ́? Yàtọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá, ibi tó pọ̀ jù nínú ọ̀sà Èkó ò jìn rárá, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ń kan ilẹ̀ níbi púpọ̀, àwọn tó ń wa yanrìn mọ ìsàlẹ̀ ẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé. Ẹran tó gùn tó ilé, ibo ló fẹ́ sá sí níbẹ̀?

Ohun tí ẹ máa rí lójú omi, màmá, tó lè dẹ́rù bani, kò pọ̀. Gẹdú wà. Àwọn tó ń la pákó létí ọ̀sà, orí omi ni púpọ̀ nínú igi wọn ń gbà wọlé, wọ́n á so ó pọ̀ gbọọrọ, wọ́n á fi ọkọ̀ fà á láti apá Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Oǹdó, èyí tó bá sì já kúrò lára àwọn tó kù á máa dá lọ, orí ẹ̀ kan á yọ, orí kejì á rì, tí ìgbì bá gbé e, á dà bíi pé ó ń wẹ̀. Ewé orí omi náà wà, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ elése àlùkò, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Lọ́dún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ wa, ní omi Àgbádárìgì, ó gba apá Porto-Novo ní Benin wọlé. Nígbà òjò tí omi ọ̀sà bá ti di omi tútù, ewé yẹn á pọ̀, á so mọ́ra wọn bí ẹní, odidi erékùṣù ewé á máa rìn lójú omi láìsí ẹni tó ń wà á, ejò á wà lórí ẹ̀, ẹyẹ á bà lé e. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ òkun wọ inú ọ̀sà, á kú. Ẹni tó bá rí i láàárọ̀ kùtù nínú kùrukùru, mi ò ní dá a lẹ́bi tó bá figbe ta.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dojú bóòtù dé, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ ẹ̀. Wọ́n ń kó èrò jù. Wọ́n ń rìn lálẹ́ nígbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má rìn lálẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń kú sójú omi. Gẹdú tó rì sábẹ́ omi ń gbá ìdí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ sì ń wọ bóòtù láìní jákẹ́ẹ̀tì ojú omi lọ́rùn, tàbí kí wọ́n fún wọn ní èyí tó ti ya, tí okùn ẹ̀ ò dì. Èyí tó ń bí mi nínú nípa fídíò yẹn gan-an nìyẹn, torí tá a bá ti lè di gbogbo ẹ̀ lé abàmì ẹran lórí, a ò ní bi olówó ọkọ̀ léèrè nǹkan kan. Màmá, ẹ wọ bóòtù yín lójúmọmọ, ẹ rí i pé jákẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ bá wọn mu, kì í ṣe tàgbàlagbà tó máa yọ lọ́rùn wọn, tẹ́ ẹ bá rí i pé èrò ti pọ̀ jù, ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ dúró de òmíràn, ìbáà pẹ́.

TÍṢÀ, ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹni mímọ́ Columba ti bá ẹran omi náà pàdé lọ́dún 565. Ọmọ kan dìde, ó ní tó bá jẹ́ irọ́ ni, ṣé irọ́ máa pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀? Mi ò rí èsì gidi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Tíṣà, ọmọ yẹn gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ ìbéèrè. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kò sí ìwé kankan tí Columba fúnra ẹ̀ kọ nípa ẹ̀. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn (monk) kan tó ń jẹ́ Adomnán ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nínú ìwé tó fi ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu Columba. Odò Ness ló sì sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀, odò tó ń ṣàn jáde látinú adágún yẹn, kì í ṣe inú adágún gan-an. Láyé ìgbà náà, ẹni mímọ́ tí wọ́n bá kọ ìtàn ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi ẹranko búburú kan sí i tó sọ̀rọ̀ sí tó sì sá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn gbé etí omi náà fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń da ẹran, ariwo ẹran ọlọ́rùn gígùn bí irú èyí ò gba ayé kan.

Ìgbà wo ló wá gbòde? 1933. Lọ́dún yẹn ni wọ́n parí títì tuntun lẹ́bàá adágún náà, wọ́n gé igi tó dí ojú omi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀, àwọn tí ò mọ omi náà rí wá ń wò ó láti ojú fèrèsé mọ́tò. Ní 2 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ìwé ìròyìn Inverness Courier gbé e pé tọkọtaya kan rí nǹkan ńlá tó ń yí gbirigbiri nínú omi. Nígbà tó di oṣù keje, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Spicer àtìyàwó ẹ̀ ní ẹran ọlọ́rùn gígùn kan sọdá títì níwájú mọ́tò àwọn. Bó ṣe di pé oníròyìn ń rọ́ wá nìyẹn, hòtẹ́ẹ̀lì kún, gbogbo igi tó léfòó di Nessie.

Wọ́n ti wá a o, ká má parọ́ mọ́ wọn, wọn ò fọwọ́ lẹ́rán. Lọ́dún 1987 wọ́n to ọkọ̀ bí 24 sójú omi ní ìlà kan, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá nǹkan lábẹ́ omi, wọ́n jọ ń rìn lọ bí ẹni fi àwọ̀n ńlá gbá odò. Ẹ̀rọ gbọ́ nǹkan bíi mélòó kan tí wọn ò lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹran kankan ò jáde. Lọ́dún 2003, BBC fi irú ẹ̀rọ yẹn tó lágbára ju tàtijọ́ lọ gbá adágún náà látòkè délẹ̀, òfìfo. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 2018, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti New Zealand, Neil Gemmell, kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ síbẹ̀, wọn ò wá ẹran rárá, omi ni wọ́n ń bù. Ẹran yòówù tó bá gbé inú omi, á bó awọ, á yàgbẹ́, itọ́ ẹ̀ á já síbẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ́ DNA ẹ̀, àmì inú ara tó ń fi irú ẹran tó jẹ́ hàn, kù sínú omi. Wọ́n bu omi káàkiri, lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ èsì ní 2019: DNA èèyàn wà, ti màlúù, ti ẹlẹ́dẹ̀, ti àgbọ̀nrín, ti ẹja, ṣùgbọ́n ti ẹran afàyàfà, kò sí kékeré kò sí ńlá. Ti ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ń pè ní eel ló pọ̀ gan-an. Gemmell ní òun ò lè sọ pé eel kan ò tóbi jù níbẹ̀, pé DNA lòun rí, òun ò rí bó ṣe gùn tó.

Ẹ tún lè fi èyí kún un fún ọmọ yẹn, torí ó dára fún kíláàsì: yìnyín ló bo ibi tí adágún náà wà títí di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹran ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń fi wé Nessie sì ti pa rẹ́ láyé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Ẹran kan ṣoṣo ò sì lè dá wà láti ayé Columba di òní, ó gbọ́dọ̀ ní ìyá, kó ní bàbá, kó bímọ, kí ọmọ náà bímọ, agbo odidi nìyẹn, gbogbo wọn á sì máa jẹun. Ẹja inú adágún yẹn ò tó wọn jẹ.

Tó bá wá bi yín pé ṣé òpùrọ́ wá ni gbogbo àwọn tó rí i, ẹ sọ pé rárá. Òpùrọ́ wà níbẹ̀, a ti sọ ti ọdẹ ẹlẹ́sẹ̀ erinmi. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, nǹkan gidi ni wọ́n rí. Ọkọ̀ á ti kọjá lọ tipẹ́, ìgbì tó dá á lọ kọ lu etí òkè, á padà wá pàdé ìgbì kejì láàárín omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, á dà bí iké mẹ́ta mẹ́rin tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí èbúté Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, kí bóòtù kan kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, kí wọ́n dúró wo omi lẹ́yìn tí bóòtù bá ti lọ tán. Wọ́n á rí i fúnra wọn.

ỌMỌ APẸJA, Ẹ̀PẸ́

Apẹja ni bàbá mi, kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà òjò tó kọjá, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, wọ́n lọ wo àwọ̀n wọn lápá ibi tí koríko pọ̀ sí létí omi, wọ́n ní nǹkan dúdú kan yọ, ẹ̀yìn ẹ̀ rí roboto, ó mí fùù bí èèyàn tó ti rẹ̀, ó rì, ó tún yọ níwájú, wọ́n ní ó fẹ́ẹ̀ gùn tó ọkọ̀ wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Èkó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti rí Nessie. Bàbá ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Kí lẹ rò pé wọ́n rí?

Ẹ bá mi kí bàbá, ẹ ní mo kí wọn gan-an. Kẹ́ ẹ sì bá mi bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ yẹn. Ẹni tó ti ń wo ojú omi láti kékeré, tó mọ ìgbì yàtọ̀ sí igi, tó mọ igi yàtọ̀ sí ẹja tó ń ta, tó bá ní òun rí nǹkan, nǹkan ló rí, ó kù ká mọ nǹkan tó jẹ́. Bàbá tiẹ̀ ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀: ó mí. Gẹdú ò lè mí. Àrọ̀ lè yọ gba atẹ́gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrọ̀ wo ló tóbi tó ọkọ̀? Ọ̀ọ̀nì ń mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ọ̀nì rí gbágungbàgun, ojú àti imú ẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú yọ, á sì dúró síbẹ̀ láì mira. Ẹ̀yìn roboto, dúdú, imú tó tú atẹ́gùn jáde fùù, tó rì wọ́ọ́rọ́wọ́ láì ta omi sókè, létí koríko, nígbà òjò, láàárọ̀ kùtù. Manatee ni, mo fẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹran yìí wà nínú omi wa, láti Senegal títí dé Àngólà ló ti ń gbé, nínú ọ̀sà, nínú odò ńlá, títí kan àwọn ọ̀sà apá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Ó lè gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀, ó lè wúwo tó kìlógírámù 400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ. Kì í ṣe ẹja. Ọmú ló ń fún ọmọ ẹ̀, ìbátan erin ni nínú ìran ẹranko, ẹ wo bí èékánná kéékèèké ṣe wà létí ọwọ́ ẹ̀ bíi ti erin. Kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìrù ẹ̀ fẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí ojú àjẹ̀. Koríko àti ewé ló ń jẹ jù. Nígbà òjò tí omi bá ti bo koríko etí ọ̀sà, á wọ inú ẹ̀ lọ máa jẹ. Ó ń tijú èèyàn gan-an, òru àti ìdájí ló fẹ́ràn láti máa rìn, tó bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì á rì lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó fi àjẹ̀ wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bíi bàbá ló lè rí i, àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Èkó lè lo gbogbo ayé wọn kí wọ́n má fojú kàn án.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, mo sì ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́. Àwọn ará Scotland ò ní nǹkan kan nínú omi wọn, síbẹ̀ gbogbo ayé ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò ó. Àwa ní ẹran gidi, tó tóbi, tó ń mí, tí ò ṣe èèyàn ní ibi kan, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo ẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n bá pa á. Oyún ẹ̀ ń tó nǹkan bí ọdún kan nínú kó tó bímọ, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí, ọmọ náà á sì wà lára ìyá fún ìgbà pípẹ́, torí náà tí wọ́n bá pa méjì mẹ́ta nínú ọ̀sà kan, ó lè tó ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò. Láti 2013 ni àdéhùn CITES tó ń bójú tó káràkátà ẹranko ti gbé e sí ipele tó le jù lọ, pé kí ẹnikẹ́ni má tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin tiwa náà ò sì fọwọ́ sí pípa á. Síbẹ̀ ọdẹ ṣì ń gún un, àwọ̀n ṣì ń pa á, etí omi tó ti ń jẹun, wọ́n ń da yanrìn dí i, wọ́n ń kọ́lé sí i. Tí bàbá bá fẹ́, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọdé àdúgbò, ibi tí wọ́n ti rí i nìkan ni kí wọ́n má sọ fún ẹni tí wọn ò mọ ìwà ẹ̀.

ỌMỌ ÌKÒRÒDÚ

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tá a tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ Nessie? A ní Olókun, Ọlọ́sà, Yemọja àti màmíwọtà tiwa. Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni wọ́n?

Rárá, àbúrò, èmi ò ní pa wọ́n pọ̀. Òrìṣà kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń fi kámẹ́rà lé kiri. Ẹni tó ń bọ Ọlọ́sà, tó ka ọ̀ọ̀nì sí ìránṣẹ́ ẹ̀ tí ò sì jẹ́ kí wọ́n pa á, kò wá ẹ̀rí kankan lọ́dọ̀ oníròyìn. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà. Adágún kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Okanagan, àwọn Syilx tó ni ilẹ̀ náà ní ẹ̀mí mímọ́ omi kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, àwọn àjèjì dé, wọ́n sọ ọ́ di ẹran abàmì, wọ́n fi orin àwàdà kan sọ ọ́ lórúkọ Ogopogo, wọ́n ṣe ère ẹ̀ fún àwọn tó ń wá ṣeré. Lọ́dún 2021 ni ìgbìmọ̀ ìlú Vernon, tí ẹ̀tọ́ lórí orúkọ náà wà lọ́wọ́ wọn láti 1956, tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i.

Nílẹ̀ Áfíríkà náà, àwọn Tonga tó wà létí odò Zambezi ní ẹ̀mí omi tí wọ́n ń pè ní Nyaminyami. Nígbà tí wọ́n ń mọ ìdènà omi Kariba sórí odò náà láti 1955 sí 1959, wọ́n lé àwọn Tonga tó tó 57,000 kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, ọdún 1957 àti 1958 ni omi ya wọ ibi iṣẹ́, ó gbá nǹkan lọ, èèyàn kú. Àwọn Tonga ní Nyaminyami ló bínú pé wọ́n fẹ́ fi ògiri là á níyà pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Èmi ò ní bá wọn jiyàn, ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Mokele-mbembe, ẹran abàmì tí wọ́n ní ó ń gbé adágún Télé ní Kóńgò, ló jọ Nessie díẹ̀, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Roy Mackal, wá a lọ ní 1980 àti 1981, kò bá a.

Ti màmíwọtà, Columbus kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1493 pé òun rí obìnrin omi mẹ́ta nítòsí Hispaniola, ó ní wọn ò rẹwà tó bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé manatee tọ̀hún ló rí.

APẸJA MÌÍRÀN, Ẹ̀PẸ́

Ọmọ manatee tẹ́ ẹ máa ń sọ yìí kọ́ sí àwọ̀n mi lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Omi ló pa á, torí ó gbọ́dọ̀ yọrí wá mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ìṣẹ́jú díẹ̀. Torí náà tí àwọ̀n yín bá wà nítòsí koríko nígbà òjò, ẹ máa lọ wò ó lemọ́lemọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá bá a láàyè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi àjẹ̀ sún mọ́ ọn. Imú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sókè omi, kó mí ná, ẹ tó wá ronú kan àwọ̀n. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ibi tó hán ọwọ́ àti ọrùn ẹ̀, ẹ má fa ìrù ẹ̀, ẹ má wọ́ ọ gun orí ilẹ̀ torí ara ẹ̀ wúwo fún èémí ẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni àwọ̀n lásìkò yìí, mi ò fojú kékeré wo ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí. Tó bá jẹ́ ọmọ ni, ẹ má gbé e lọ sílé pé ẹ fẹ́ máa sìn ín, ọmú ìyá ẹ̀ ló ń mu, ìyá náà ò sì ní jìnnà síbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti tú u gan-an ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì wa ọkọ̀ kúrò kí ìyá lè ráyè wá mú un.